Máíkírósíkópù Àkọ́kọ́ fún Ẹni Tó Fẹ́ràn Olú: Ẹ Má Fi Nọ́ńbà Ara Páálí Ra Ọjà

 Ẹni tó bá jáde láàárọ̀ lẹ́yìn òjò ní Jos, Bukuru àti agbègbè wọn níbí yóò rí olú lóríṣìíríṣìí: létí òkìtì ọ̀gán, lábẹ́ igi, lórí koríko iwájú ilé, àní lára ìtì igi tó ti ń jẹrà. Àwọn Hausa tí a jọ ń gbé a máa pè é ní naman kaza, ìyẹn ẹran adìyẹ. Wọ́n tún ń pè é ní lemar kwaɗo, ìyẹn agboorùn ọ̀pọ̀lọ́. Ero ni àwọn Igbo ń pè é. Olú ni àwa ń pè é. Orúkọ pọ̀, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni ilẹ̀ hù fún gbogbo wa.

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí lè pa àwọn kan lẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fi wíwo olú najú ni. Wọn kì í ṣe dókítà, wọn kì í sì í ṣe olùkọ́ ní yunifásítì, ṣùgbọ́n ó wù wọ́n láti mọ ohun tí wọ́n ń rí. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ ra máíkírósíkópù àkọ́kọ́, ìyẹn awò tó ń sọ ohun tí ojú lásán kò lè rí di ńlá, èwo ni kí ó rà? A mọ ohun tí à ń sọ, torí pé owó ni a fi kọ́ ọgbọ́n tí a fẹ́ fi fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ yìí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni. Ní ọdún 1975, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ B. A. Oso kọ àpilẹ̀kọ nípa olú àti àwa ọmọ Yorùbá sínú ìwé ìmọ̀ kan tó ń jẹ́ Mycologia. Ẹni tó bá kà á yóò mọ̀ pé àwọn ìyá wa mọ olú ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti mọ̀ ọ́n lọ. Wọ́n mọ èyí tí à ń jẹ, wọ́n mọ èyí tí à ń sá fún, wọ́n mọ èyí tó jẹ́ egbòogi, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Àwa tí àwọn bàbá wa bá ọkọ̀ ojú irin àti iṣẹ́ kùsà wá sí òkè yìí ni ìmọ̀ náà ń bọ́ mọ́ lọ́wọ́.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kàn wá nìyí. Lásìkò òjò ọdún 2021, ìdílé kan láàárín wa ṣa olú funfun kan lórí koríko iwájú ilé. Ó fẹ̀ bí àwo ìjẹun, ó sì jọ èyí tí wọ́n máa ń jẹ nílé. Wọ́n sè é. Kí ilẹ̀ tó ṣú tán, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ti dá gbogbo wọn dùbúlẹ̀. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, wọ́n tètè dé ilé ìwòsàn. Nígbà tí a lọ kí wọn, ìyá àgbà kan tó bá wa lọ sọ ọ̀rọ̀ kan tí a kò gbàgbé. Ó ní: “Olú ilé wa ni mo mọ̀. Ilẹ̀ yìí kò tíì fi tirẹ̀ hàn mí.” Ó ti lé ní ogójì ọdún tí ìyá náà ti wà ní Jos, síbẹ̀ kò ṣa olú ibẹ̀ jẹ rí.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló sọ àwa mẹ́rin di ẹni tó ń wo olú. Aránṣọ wà nínú wa, nọ́ọ̀sì wà nínú wa, olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ náà wà níbẹ̀. A dá àjọ fún oṣù mẹ́fà, a sì fi owó náà ra máíkírósíkópù kan. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí ara páálí rẹ̀ pé ó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 2,000. A gbé e délé tayọ̀tayọ̀. Ìgbà tí a wo inú rẹ̀, ńṣe ló dà bí ìgbà tí ènìyàn ń wo ìta láti inú ọkọ̀ tí òjò ti bo gíláàsì rẹ̀. Oṣù mẹ́fà wa ti wọgbó.

Ojú àti bébà ni kí ẹ kọ́kọ́ lò

Ohun àkọ́kọ́ tí a bá máa gba yín nímọ̀ràn ni pé kí ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ wá awò kékeré tí àwọn atúnagoṣe máa ń fi sójú, èyí tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá. Kò wọ́n. Ẹ fi wo abẹ́ agboorùn olú, níbi tí ó ti là léraléra bí ojú ìwé. Ẹ fi wo ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ wò bóyá ó ní òrùka, bóyá ó ní àpò nídìí.

Lẹ́yìn náà, ẹ gé ẹsẹ̀ olú náà kúrò, kí ẹ da agboorùn rẹ̀ dé orí bébà funfun, kí ẹ fi abọ́ bò ó di ọjọ́ kejì. Nígbà tí ẹ bá ṣí i, ẹ ó bá ìyẹ̀fun lẹ́búlẹ́bú lórí bébà náà. Hóró ìyẹ̀fun yìí ni olú fi ń gbin ara rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀. Ti olú ọ̀rán, olú wẹ́wẹ́ tó máa ń hù rẹpẹtẹ lẹ́bàá òkìtì ọ̀gán, máa ń pupa rẹ́súrẹ́sú. Ti àwọn mìíràn jẹ́ funfun, ti òmíràn dúdú bí èédú.

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn tí ìdílé tí a sọ lẹ́ẹ̀kan kó àìsàn, olú mìíràn tó jọ ti àkọ́kọ́ hù lórí koríko kan náà. A da agboorùn rẹ̀ dé orí bébà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyẹ̀fun tí a bá níbẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Olú kan wà tó ń jẹ́ Chlorophyllum molybdites, tó máa ń hù lórí koríko ní àwọn ilẹ̀ olóoru káàkiri ayé. Ó máa ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru, ìyẹ̀fun rẹ̀ sì máa ń ní àwọ̀ ewé bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bá ṣì kéré, abẹ́ rẹ̀ funfun báláú, ìdí nìyẹn tó fi ń tan ènìyàn jẹ. Bébà kan àti abọ́ kan ló fi èyí hàn wá. A kò tíì ná owó kankan lé e lórí.

Kí ni nọ́ńbà ara páálí ń wí?

Nígbà tí bébà bá ti sọ tirẹ̀ tán, tí ẹ sì fẹ́ mọ bí hóró kọ̀ọ̀kan ṣe rí, ìgbà náà ni máíkírósíkópù kàn. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, ìdá kan nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní máíkírọ́ọ̀nù. Ọ̀pọ̀ hóró olú kò ju máíkírọ́ọ̀nù 5 sí 15 lọ ní gígùn. Ojú kankan kò lè rí i láìsí ìrànlọ́wọ́.

Máíkírósíkópù tí a ń sọ yìí ní lẹ́ńsì méjì tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá: ọ̀kan wà níbi tí ojú ń wò, èkejì wà nísàlẹ̀ lẹ́bàá ohun tí à ń wò. Ẹ ó sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn. Bí ti òkè bá jẹ́ 10, tí ti ìsàlẹ̀ jẹ́ 40, ìlọ́po 400 nìyẹn. Bí ti ìsàlẹ̀ bá jẹ́ 100, ó di 1,000. Ẹni tó bá ní lẹ́ńsì ìsàlẹ̀ mẹ́rin, ìyẹn 4, 10, 40 àti 100, ti ní ohun tó tó fún olú.

Báwo wá ni tiwa ṣe di 2,000? Lẹ́ńsì ojú tó jẹ́ 20 ni wọ́n kàn fi rọ́pò èyí tó jẹ́ 10. Ẹ wo fótò pásípọ́ọ̀tù tí wọ́n gbé lọ bá oníṣẹ́ fótò pé kó sọ ọ́ di pátákó ńlá fún ìsìnkú. Ojú olóògbé á tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìpéǹpéjú tí kò hàn nínú fótò kékeré kò ní hàn nínú ti ńlá. Ernst Abbe, ará Jámánì, ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún 1873: ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ohun méjì tí àárín wọn kò bá tó nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún máíkírọ́ọ̀nù, ọ̀kan ṣoṣo ni ìmọ́lẹ̀ yóò fi wọ́n hàn, bó ti wù kí lẹ́ńsì náà ga tó.

Nítorí náà, nọ́ńbà kan wà tó ṣe pàtàkì ju ti ara páálí lọ. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́ńsì ìsàlẹ̀ lẹ́yìn ìlọ́po rẹ̀. Lára lẹ́ńsì 40, ẹ ó sábà rí 0.65, lára lẹ́ńsì 100, ẹ ó rí 1.25. Òun ló ń sọ bí lẹ́ńsì náà ṣe lè ya ohun méjì sọ́tọ̀ sí. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 1,000, ẹ ó sì mọ ibi tí ìtóbi rẹ̀ ti dópin: 650 fún ti àkọ́kọ́, 1,250 fún ìkejì. Ohunkóhun tó bá ju ìyẹn lọ, ìtóbi asán ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn awò kékeré tí wọ́n ń kì bọ kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń polówó pé ó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 1,000 tàbí 1,600. Wọ́n dára láti wo ara ewé àti èèrà, ṣùgbọ́n wọn kò ní fi hóró olú hàn yín dáadáa.

Ohun tí ẹ ó yẹ̀ wò lára rẹ̀

Àkọ́kọ́ ni ìmọ́lẹ̀. Hóró olú mìíràn mọ́ gaara bí omi. Bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ jù, a kò ní rí etí rẹ̀. Ẹ wá èyí tí ó ní kọ̀ńdẹ́ńsà lábẹ́ pèpéle, ìyẹn lẹ́ńsì tó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ, tó ṣeé gbé sókè sódò, tó sì ní ìlẹ̀kùn kékeré tí a lè fún mọ́ra tàbí ṣí sílẹ̀. Bí ẹ bá fún un díẹ̀, etí hóró náà á yọ kedere. Máíkírósíkópù tí kò bá ní èyí, ẹ fi sílẹ̀ fún ọlọ́jà.

Èkejì ni iná. Gbogbo wa la mọ ìṣe iná mànàmáná lọ́dọ̀ wa. Èyí tó ń lo gílóòbù LED tí a lè fi bátìrì lò, tàbí tí a lè gbà sí ẹ̀rọ agbára oòrùn, ni yóò ba ilé wa mu. Èyí tó ń lo dígí láti fa ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run náà dára, kì í sì í jẹ epo. Àmọ́ ẹ kò gbọdọ̀ kọ dígí náà sí oòrùn gan-an, nítorí ó lè fọ́ ni lójú.

Ẹ̀kẹta ni pèpéle tí a fi nọ́ọ̀bù ń sún sọ́tùn-ún sósì. Ní ìlọ́po 400, ìka ọwọ́ kò lè sún gíláàsì díẹ̀ kí ó má sún un jù. Ẹ̀kẹrin ni nọ́ọ̀bù ìfojúsùn méjì, ńlá àti kékeré. Ẹ̀karùn-ún ni ojú: olójú kan tó fún wa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ jókòó tì í fún wákàtí kan yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ olójú méjì. Olójú mẹ́ta, tí ìkẹta jẹ́ ti kámẹ́rà, lè dúró di ìgbà mìíràn, nítorí ẹ lè gbé fóònù yín lé lẹ́ńsì ojú, kí ẹ sì ya fótò.

Irú máíkírósíkópù mìíràn tún wà, olójú méjì tí ìlọ́po rẹ̀ kì í sábà ju 40 lọ, tó ń fi odindi nǹkan hàn bó ti rí. Ó dùn ún wò gan-an, ṣùgbọ́n kò lè fi hóró hàn. Ìkejì ni kí ẹ rà á sí, kì í ṣe àkọ́kọ́. Ẹni tí apá rẹ̀ kò sì ká èyíkéyìí lè wá Foldscope, èyí tí Manu Prakash àti Jim Cybulski ṣe ní yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, tí aráyé gbọ́ nípa rẹ̀ ní ọdún 2014. Bébà ni wọ́n ká tí wọ́n fi ṣe é, ó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 140, ó sì dára fún àwọn ọmọ ilé ìwé.

Ìwọ̀n ni ọkàn iṣẹ́ náà

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé rèé. Bí ẹ bá rí hóró tí ẹ kò sì wọ̀n ọ́n, ńṣe lẹ kàn wo sinimá. Àwọn ìwé tí a fi ń dá olú mọ̀ máa ń sọ gígùn àti ìbú hóró. Ẹ béèrè fún lẹ́ńsì ojú tó ní rúlà tínínní nínú. Rúlà náà kò mọ máíkírọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀. A gbọ́dọ̀ kọ́ ọ. Gíláàsì kan wà tí wọ́n fín ìlà sí, tí mìlímítà kan inú rẹ̀ pín sí ọ̀nà 100, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ máíkírọ́ọ̀nù 10. Ẹ fi rúlà ojú ka ti gíláàsì yìí lórí lẹ́ńsì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé. Lórí tiwa, ìlà kan jẹ́ 2.5 lórí lẹ́ńsì 40, ó sì jẹ́ ẹyọ kan lórí lẹ́ńsì 100. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹ ó ṣe é, bí ẹ kò bá pààrọ̀ lẹ́ńsì.

Nítorí náà, ẹ má ṣe ná gbogbo owó sórí ẹ̀rọ. Nínú náírà mẹ́wàá, ẹ fi méjì pamọ́ fún rúlà yìí, fún gíláàsì pẹlẹbẹ, fún gíláàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ìbòrí tí nínípọn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 0.17, àti fún òróró lẹ́ńsì 100. Òróró yìí kì í ṣe òróró ẹ̀pà o, kì í sì í ṣe epo pupa! Èyí tí wọ́n ṣe fún máíkírósíkópù ni, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi bébà lẹ́ńsì nù ún kúrò bí ẹ bá ti ṣe tán. Lẹ́ńsì 100 nìkan ni kí ó kàn.

Tuntun ni àbí tòkunbọ̀?

Nígbà tí a dá àjọ lẹ́ẹ̀kejì, tòkunbọ̀ ni a rà, èyí tí ilé ìwé kan lókè òkun ti lò kí ó tó dé Èkó. A kò kábàámọ̀ rẹ̀. Máíkírósíkópù àtijọ́ tí wọ́n fi irin gidi ṣe, tó jẹ́ ti Olympus, Nikon, Zeiss tàbí Leitz, lè ju tuntun oníròrọ́bà lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ẹni bá ra tòkunbọ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀dùn ọkàn ló rà.

Ẹ mú gíláàsì kan dání tí ẹ ti tẹ́ awọ àlùbọ́sà sí, kí ẹ fi gbogbo lẹ́ńsì wò ó lójú ẹni tó ń tà á. Ẹ yí nọ́ọ̀bù, kí ẹ wò bóyá pèpéle ń já wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí nọ́ọ̀bù bá le, ó lè jẹ́ gíríìsì ló gbẹ, ẹni tó mọ iṣẹ́ náà lè tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ yọ lẹ́ńsì, kí ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí ohun tó dà bí òwú aláǹtakùn nínú rẹ̀, ẹ dá a padà. Ìbátan olú ló ti wọ inú lẹ́ńsì náà, tó ń jẹ ẹ́ lára. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà dẹ́rìn-ín pa ni: ohun tí a fẹ́ wò ló ti ń gbé inú ohun tí a fẹ́ fi wò ó!

Ohun kan náà lè bá tuntun lásìkò òjò bí ẹ bá tì í mọ́ inú páálí tó rin. Ẹ bò ó, kí eruku ọyẹ́ má bàa wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ gbé e síbi gbígbẹ tí afẹ́fẹ́ ń gbà, kí ẹ sì fi àwọn àpò kékeré tó ń fa omi, irú èyí tí a ń bá nínú páálí bàtà, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ohun tí máíkírósíkópù kò lè ṣe

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi etí sí èyí dáadáa. Kò sí lẹ́ńsì tó ń fi májèlé hàn. Máíkírósíkópù lè sọ bí hóró ṣe gùn tó, bí ara rẹ̀ ṣe rí, bóyá ó ní ihò lórí. Kò lè sọ fún yín pé ẹ jẹ ẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí pé ó ra awò kí ó di alásè olú. Bí ẹnìkan bá jẹ olú tí ara rẹ̀ kò sì yá, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá, kí ẹ sì mú èyí tó ṣẹ́kù nínú olú náà dání.

Nígbà tí a tẹ́ ìyẹ̀fun olú ọ̀rán sórí gíláàsì, a pe ìyá àgbà ọjọ́ kìíní wá. Ó pẹ́ kí ó tó mọ ibi tí yóò gbé ojú sí. Nígbà tó rí i, ó dákẹ́. Ó ní: “Ẹyin ni. Ẹyin wẹ́wẹ́ ni wọ́n.” Ó wá jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ olú ilé fún wa, àti ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń hù, àti oṣù tí ó ń yọ. Olùkọ́ inú wa ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé náà ti di méjì báyìí: ọ̀kan fún orúkọ tí ìyá mọ̀, ọ̀kan fún ìwọ̀n tí a rí. A kò tíì lè so gbogbo wọn pọ̀, ṣùgbọ́n a ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ fi ẹ̀sọ̀ ra máíkírósíkópù yín. Bí ìyá tàbí bàbá kan bá sì wà nítòsí yín tó mọ olú ilé, ẹ lọ jókòó tì í kí òjò ọdún yìí tó tán, nítorí ìyẹn kò sí lọ́jà, a kò sì lè rí tòkunbọ̀ rẹ̀ rà. Kí Olódùmarè dá ẹ̀mí àwọn àgbà wa sí, kí ó má sì jẹ́ kí a jẹ ohun tí yóò jẹ wá. Àṣẹ.